Ogun Kan, Ìtàn Méjì: Ìkọlù Ńlá Ọdún 1922 ní Ilẹ̀ Tọ́kì àti Àwọn Òǹkọ̀wé Rẹ̀

Mo júbà àwọn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí pèpéle yìí ṣáájú mi. Wọ́n ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi kí n tó wá.

Ọ̀rọ̀ ogun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ àgbá àti ẹṣin ogun. Èmi kì í ṣe òpìtàn, n kò sì gbé ìbọn rí. Ṣùgbọ́n bí ogun bá parí tán, tí a sin òkú, tí a gba ilẹ̀ tàbí tí a pàdánù rẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ni ogun náà ń bọ́ sí. Àwọn akéwì ni yóò pinnu orúkọ tí yóò jẹ́. Àwọn aròtàn ni yóò sọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá sì dárúkọ, ó dà bí ẹni pé kò sí láyé rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ kan lórí lítíréṣọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n jà fún òmìnira. Mo máa ń mú ewì gígùn Nazım Hikmet, akéwì ilẹ̀ Tọ́kì, lò nínú ẹ̀kọ́ náà, inú mi a sì máa dùn bí mo bá dé ibi tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lórí òkè Kocatepe tí àwọn ọmọ ogun ń retí ìró àgbá àkọ́kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé báyìí ni orílẹ̀-èdè ṣe ń bí ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì dìde. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí wọ́n lé dé etí òkun ńkọ́? Ibo ni wọ́n gbà lọ?’ Mo dá a lóhùn pé wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó jókòó. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, nítorí mo mọ̀ pé n kò dá a lóhùn rárá. N kò tilẹ̀ mọ ìdáhùn náà. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, òun ni mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè láti ìgbà náà.

Kí a tó dé orí ìkọlù náà, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Ìjọba Ottoman, tí ó ti wà láyé fún ohun tí ó lé ní 600 ọdún, bá Jámánì dúró nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì bá a ṣubú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1918 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdáwọ́ ìjà dúró nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní èbúté Mudros. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣẹ́gun ti bẹ̀rẹ̀ sí pín ilẹ̀ náà bí ìgbà tí ọdẹ bá ń pín ẹran ìgbẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1919, àwọn ọmọ ogun Gíríìsì, pẹ̀lú àṣẹ àwọn alágbára ayé ìgbà náà, gúnlẹ̀ sí İzmir. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Mustafa Kemal sọ̀kalẹ̀ sí ìlú Samsun ní etí Òkun Dúdú, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn jọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1920, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ṣí ní Ankara. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn aṣojú Sultan fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Sèvres, èyí tí ó gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ankara kọ̀ ọ́. Ogun sì ń bá a lọ.

İzmir yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni Smirna inú Ìwé Ìfihàn. Nínú ìjọ méje tí a kọ ìwé sí nínú Bíbélì, Smirna, Sardi, Filadelfia, Tiatira àti Efesu, gbogbo wọn ni ó wà ní agbègbè tí ogun yìí gbà kọjá. Alaşehir òde òní ni Filadelfia. Ìtòsí Salihli ni àwókù Sardi wà. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé àwa tí a ka orúkọ wọ̀nyí láti kékeré ní ilé ìjọsìn, a kì í sábà rántí pé àwọn ènìyàn ń gbé níbẹ̀ títí di ayé bàbá àwọn bàbá wa, pé Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ ń ra ẹ̀fọ́ ní ọjà kan náà, àti pé èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n fi ń ná ọjà ọ̀hún.

Ní ọdún 1921, àwọn ọmọ ogun Gíríìsì wọ inú ilẹ̀ lọ títí wọ́n fi sún mọ́ Ankara. Ní etí odò Sakarya, ọjọ́ 22 gbáko, tọ̀sán tòru, ni wọ́n fi jà, láti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ọwọ́ wọn kò tẹ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i, wọ́n sì jókòó sí ìhà Eskişehir àti Afyonkarahisar. Nǹkan bí ọdún kan ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi ń wo ara wọn.

Ọdún kan yẹn ni àwọn òpìtàn ogun sábà máa ń fò kọjá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kókó wà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ogun ọdún mẹ́wàá gbẹ ní gbígbẹ, ibo ni yóò ti rí bàtà fún ọmọ ogun? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1921, Mustafa Kemal pàṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ kan àti bàtà kan wá. Wọ́n gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ àti ohun èlò oúnjẹ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, pẹ̀lú ìlérí pé ìjọba yóò san owó rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ìbọn àti ọta ń gba orí Òkun Dúdú wọlé, púpọ̀ nínú wọn láti ọ̀dọ̀ ìjọba Soviet. Láti èbúté kékeré kan tí ń jẹ́ İnebolu ni wọ́n ti ń kó wọn gun orí òkè lọ sí Ankara. Nínú àwọn tí ń kó wọn, obìnrin pọ̀, nítorí pé àwọn ọkùnrin ti wà lójú ogun tàbí lábẹ́ ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onígi tí màlúù ń fà ni wọ́n lò, èyí tí àwọn ará Tọ́kì ń pè ní kağnı. Igi ni gbogbo ara rẹ̀, táyà kò sí níbẹ̀, bí ó bá sì ń lọ, ẹni tí ó wà ní òkèèrè yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Àwọn aṣòfin ní Ankara ń kùn pé ìgbà wo gan-an ni ìkọlù tí wọ́n ń sọ yóò ṣẹlẹ̀. Mustafa Kemal kò dá wọn lóhùn.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Mustafa Kemal ti mọ ìdàkejì òwe yìí dáadáa: ogun tí yóò ṣẹ́, ẹnìkan kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1922, wọ́n pe àwọn ọ̀gágun jọ sí ìlú Akşehir láti wo eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ wọn yóò rò pé àwọn àgbà ń ṣe fàájì. Nínú ìpàdé yẹn ni wọ́n ti jíròrò ìkọlù náà. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí Kemal ń lọ sójú ogun, wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé yóò ṣe àsè tíì fún àwọn àlejò ní ilé rẹ̀ ní Çankaya. Òru ni àwọn ọmọ ogun ń rìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a farapamọ́ sí abẹ́ igi àti inú abúlé kí ọkọ̀ òfuurufú má bàa rí wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára wọn lọ sí ìhà gúúsù Afyonkarahisar, níbi tí òkè ti le tí ọ̀tá kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Ewu ńlá ni. Iye ọmọ ogun ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí 200,000 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìkọlù náà bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò dí ọ̀nà Ankara.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1922, Mustafa Kemal, Fevzi Paşa àti İsmet Paşa wà lórí òkè Kocatepe. Nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ni àgbá bẹ̀rẹ̀ sí dún. Láàárín òru, àwọn ẹlẹ́ṣin Fahrettin Paşa ti gba àárín òkè kọjá, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn àwọn Gíríìkì, wọ́n ń gé ọ̀nà rélùwéè àti wáyà tẹlifóònù. Òkè kan tẹ̀lé òkè kan ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn òkè náà ń jẹ́ Çiğiltepe. Kọ́nẹ́lì Reşat Bey ni wọ́n yàn láti gbà á. Ní ọjọ́ 27, ó ṣèlérí fún Mustafa Kemal lórí tẹlifóònù pé láàárín ìdajì wákàtí òkè náà yóò bọ́ sọ́wọ́ òun. Ìdajì wákàtí kọjá, òkè kò bọ́. Reşat Bey kọ ìwé kékeré sílẹ̀, ó sì yìnbọn pa ara rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gba òkè náà. Àwa tí a mọ ìtàn àwọn balógun tí wọ́n ń ṣígbá wò nítorí pé wọn kò lè fojú kan ìlú mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Orúkọ òkè náà ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà títí di òní. Mo máa ń rò ó bóyá ẹ̀yẹ ni èyí jẹ́ fún un, tàbí ìyà tí kò lópin.

Ní ọjọ́ 27 kan náà, Afyonkarahisar bọ́. Ní ọjọ́ 30, ní ìtòsí Dumlupınar, wọ́n ká apá tí ó tóbi nínú àwọn ọmọ ogun Gíríìsì mọ́ àfonífojì. Ọjọ́ yìí ni ilẹ̀ Tọ́kì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ọwọ́ tẹ Ọ̀gágun Trikoupis. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Mustafa Kemal, ẹnu ọ̀tá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé ìjọba Gíríìsì ti yan òun ní ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ọmọ ogun náà. Oyè tí a fi jẹ ọkùnrin nígbà tí ó ti di òǹdè! Bí aròtàn bá rò irú èyí, àwa olámèyítọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ó ti ṣe àsọdùn. Ẹni tí wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, Hatzianestis, wọ́n yìnbọn pa òun àti àwọn olóṣèlú márùn-ún ní Athens ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni Kemal ti pàṣẹ kí àwọn ọmọ ogun kọjú sí òkun. Ọjọ́ 9 ni àwọn ẹlẹ́ṣin wọ İzmir. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fi la ilẹ̀ tí ó lé ní 300 kìlómítà já, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi rìn ín.

Ibí yìí ni mo ti máa ń pa ìwé dé tẹ́lẹ̀ rí. Lónìí, n kò ní pa á dé.

Àwọn ọmọ ogun Gíríìsì tí ń sá lọ dáná sun ìlú tí wọ́n gbà kọjá. Uşak jóná, Alaşehir jóná, Salihli jóná. Manisa, ìlú àtayébáyé, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn Mùsùlùmí tí ń gbé ibẹ̀ kú sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tọ́kì fi ń kọjá lórí eérú kí wọ́n tó dé etí òkun, ohun tí ojú wọn sì rí lọ́nà kò jẹ́ kí ọkàn wọn tutù. Níwájú wọn ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì, Gíríìkì àti Àmẹ́níà, ń sá lọ sí İzmir, títí èbúté fi kún fọ́fọ́. Àwọn èrò pa Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Chrysostomos. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, iná sọ ní àdúgbò àwọn Àmẹ́níà, ó sì jẹ apá tí ó pọ̀ jù nínú àdúgbò àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ta ni ó dáná náà? Títí di òní ni àwọn òpìtàn ń jiyàn lé e lórí. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni pé iná ń bẹ lẹ́yìn àwọn ènìyàn náà, omi ń bẹ níwájú wọn, ọkọ̀ ogun àwọn alágbára ayé sì dúró sí ojú omi. Wọ́n ní àwọn kò sí níhà ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ènìyàn, a sì gbọdọ̀ dárúkọ Asa Jennings, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó wá ọkọ̀ Gíríìsì kó àwọn ènìyàn náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 45 kò gbọdọ̀ lọ. Wọ́n kó wọn padà sínú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe tipátipá.

Ọmọ mi, níbikíbi tí o bá wà, ìdáhùn ìbéèrè rẹ kìíní nìyẹn. Àwọn kan wọ ọkọ̀. Àwọn kan wọ inú ilẹ̀ lọ, wọn kò sì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sí oko tèmi, èyíinì ni ìwé. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí á wò ni Halide Edib. Obìnrin yìí wọṣẹ́ ogun, ó sì gba ipò kọ́pọ́rà nínú rẹ̀. Ìtàn àròsọ rẹ̀, Ateşten Gömlek, tí ó túmọ̀ sí Ẹ̀wù Iná, jáde ní ọdún 1922 gan-an nígbà tí ogun ṣì ń jà. Ẹni tí ń sọ ìtàn náà jẹ́ ọmọ ogun tí ó ti pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì. Lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn ni ó ti ń rántí Ayşe, obìnrin İzmir tí àwọn ọ̀tá pa ọkọ àti ọmọ rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ fẹ́ràn obìnrin náà. Bí ìwé náà ṣe parí ni ó jọ mí lójú. Ọkùnrin náà kú, àwọn dókítà yẹ ìwé wò, wọn kò rí orúkọ Ayşe níbi kankan, wọn kò sì rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọta tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó mú kí ó máa rí wọn. Nínú ọdún tí gbogbo ìlú ń hó fún ìṣẹ́gun, obìnrin kan tí ó wà níbẹ̀ kọ ìwé tí ó ń bèèrè bóyá àwọn akọni rẹ̀ tilẹ̀ wà. Òun kan náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó lọ wo àwọn abúlé tí wọ́n sun. Nígbà tí ó ṣe, òun àti Mustafa Kemal kò rẹ́ mọ́, ó sì di ẹni tí ń gbé ìlú òkèèrè fún ọdún púpọ̀.

Nazım Hikmet kò sí lójú ogun. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní Salonica, ìlú tí ó di ti Gíríìsì ní ọdún 1912. Ìlú ìbí tirẹ̀ náà ti di ti ẹlòmíràn. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ ewì rẹ̀ lórí ogun òmìnira, ìjọba tí ogun náà bí ni ó sì fi í sẹ́wọ̀n láti ọdún 1938 sí 1950. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Kò fi orúkọ Mustafa Kemal kún ewì náà bí àwọn apèsà ìgbà náà ti ń ṣe. Awakọ̀ kan ni ó fi síbẹ̀, Ahmet, ẹni tí táyà lọ́rì rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà tí ó sì bọ́ aṣọ ara rẹ̀ kì bọ inú rẹ̀ kí ẹrù lè dé ibi tí ó ń lọ. Ó fi apẹja kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta nínú ọkọ̀ kékeré lórí Òkun Dúdú. Ó fi àwọn obìnrin àti kẹ̀kẹ́ màlúù wọn síbẹ̀. Bí a bá fi ojú oríkì tiwa wò ó, àrà ni ó dá, nítorí pé oríkì balógun ni a mọ̀. Oríkì ẹni tí ó ru ẹ̀tù ìbọn fún balógun ṣọ̀wọ́n. Ó di ọdún 1965, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí ewì náà tó jáde ní ìwé lódidi ní ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó dá ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú rẹ̀ padà fún un, nígbà tí ó ti lo ọdún 46 nínú ilẹ̀ Moscow.

N kò ní fi Hikmet sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mi láéláé. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, òṣìkà yẹn sì ni mo jẹ́ fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ilẹ̀ Gíríìsì, wọn kì í pe ọdún 1922 ní ìṣẹ́gun tàbí ogun. Ìparun ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un kí gbogbo ènìyàn tó mọ èyí tí wọ́n ń wí. Elias Venezis jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí wọ́n mú un láti Ayvalık lọ sí agbo àwọn alágbàṣe tipátipá. Orúkọ ìwé tí ó kọ ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un: 31328. Ó ní nínú àwọn 3,000 tí wọ́n kó láti ìlú òun, 23 ni ó padà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ìwé pẹlẹbẹ kan tí Stratis Doukas gbé jáde ní ọdún 1929, Ìtàn Ẹrú Ogun. Doukas kò rò ó láti inú ara rẹ̀. Ó bá àgbẹ̀ kan pàdé ní abúlé àwọn ogunléndé, ó jókòó, ó gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Àwa tí a ti gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rìn ní ìgbèríko mọ irú iṣẹ́ yìí. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kò sí ẹ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Ọkùnrin náà sá kúrò ní ìgbèkùn, kò sì ríbi sá sí. Ó yí orúkọ padà, ó ní Mùsùlùmí ni òun, ó di darandaran fún ọkùnrin Tọ́kì kan. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ fún un ní aya. Ẹni tí ó lè pa á bí ó bá mọ̀ ọ́n ni ó ń ṣe bàbá fún un. Ìbẹ̀rù inú ìwé náà kì í ṣe ìbẹ̀rù ìkà. Ìbẹ̀rù oore ni. Nígbà tí ó yá, Doukas ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún ìyà tí ẹ̀yà méjèèjì jọ jẹ.

Kò sì lè ṣe é ṣe fún un láti farapamọ́ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ó gbọ́ èdè Tọ́kì yékéyéké. Èyí mú wa dé orí ohun tí ó kan ẹ̀ka tiwa gan-an. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1923, ní Lausanne, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pààrọ̀ ènìyàn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ náà kàn, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti sá lọ tẹ́lẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 1,200,000. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó kúrò ní Gíríìsì súnmọ́ 400,000. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi pín wọn. Wọn kò bèèrè èdè. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan wà ní Karaman tí wọn kò gbọ́ ju èdè Tọ́kì lọ, èdè yẹn ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Wọ́n kó wọn lọ sí Gíríìsì. Àwọn Mùsùlùmí Crete kò gbọ́ ju èdè Gíríìkì lọ. Wọ́n kó wọn wá sí Tọ́kì. Ẹni tí ó dé ‘ilé’ tí kò lè fi èdè ilé bèèrè omi, kí ni a ó ti pe irú ilé bẹ́ẹ̀? Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbà pé èdè ni ó ń so ènìyàn pọ̀ di orílẹ̀-èdè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ro ti Karaman mọ́ ọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní ṣé mo ń sọ pé ogun òmìnira náà kò tọ́ ni? Rárá o. Bí wọn kò bá jà, ìwé Sèvres ni ì bá di òfin. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú òyìnbó rí, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa, kò ní ẹnu láti sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó jókòó kí wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀. N kò sì gbà pé gbígbọ́ ìtàn kejì sọ àkọ́kọ́ di irọ́. Ahmet kì aṣọ rẹ̀ bọ táyà lóòótọ́ nínú ewì náà, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa kọ́ ọmọ ní ọ̀kan kí a sì máa pè é ní odidi.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí láti ilé. Ìyá ìyá mi jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Ìjàyè lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn fọ́ ìlú náà ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi. Ní ọjọ́ ọdún, bí àwọn ẹbí bàbá mi bá ń ki àwọn jagunjagun wọn, ìyá àgbà a dìde, a lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a máa ṣa ẹ̀fọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí wọ́n bá kì í tán, a padà wọlé, a sì bá wọn jẹun. Mo rí i ní àìmọye ìgbà ní kékeré, n kò bèèrè. Mo kàwé, mo gboyè, mo ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ogun, síbẹ̀ ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni ó mú mi rántí ẹ̀fọ́ yẹn.

Ó ku ìwé kan. Dido Sotiriou, ọmọ bíbí Aydın, tí ó di ogunléndé ní kékeré, kọ ìtàn Manolis ní ọdún 1962. Àgbẹ̀ ni Manolis, láti abúlé Kırkınca lókè Efesu, èyí tí wọ́n ń pè ní Şirince lónìí. Ìjọba Ottoman fi tipátipá kó o sínú agbo alágbàṣe. Nígbà tí ó bọ́, ìjọba Gíríìsì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ogun. Ìkọlù oṣù kẹjọ ọdún 1922 sì gbá a dé etí òkun. Nínú ìwé náà, ó ní ọ̀rẹ́ Tọ́kì kan, kò sì jẹ́ kí á gbàgbé ọ̀rẹ́ yẹn. Ní Gíríìsì, orúkọ ìwé náà ni Ilẹ̀ Ẹlẹ́jẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Tọ́kì ní ọdún 1970, olùtumọ̀ náà, Attila Tokatlı, kò lo orúkọ yẹn. Ó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Ẹ Bá Mi Kí Anatolia. Àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun rà á, wọ́n kà á, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde léraléra láti ìgbà náà.

Ìwé méjèèjì, ti Hikmet àti ti Sotiriou, ni mo fi sí ọ̀sẹ̀ kan náà nínú ẹ̀kọ́ mi báyìí. Ọ̀sẹ̀ náà kì í tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa jiyàn títí agogo yóò fi lù, àwọn mìíràn a tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìbéèrè, mo ti ṣetán.